Omi Ọ̀sẹ̀, Ilé Ọ̀nì

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì, ní Òdè, ní Ẹ̀gbẹ́, ní Ìsẹ̀ àti Ọ̀rùn, ní Ẹ̀mùré, ní Ìkẹ́rẹ́ lábẹ́ òkè Olósùnta, títí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lóko tí ẹ so rédíò mọ́ ẹ̀ka kòkó, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nì ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé bí mo ti dárúkọ rẹ̀ yìí, ẹlòmíràn á ti máa wo ẹnìkejì rẹ̀ lójú pé: kí ló kan Èkìtì nínú ọ̀rọ̀ ọ̀nì? Àwa tí òkè yí wa ká, tí ọ̀pọ̀ wa dàgbà títí a kò fojú kan òkun rí? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà omi dáhùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ́, ẹ mọ dáàmù tí ìjọba ṣe sọ́dọ̀ yín. Omi tí wọ́n sé síbẹ̀, omi Ọ̀sẹ̀ Kékeré ni. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ dáàmù, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Ọ̀sẹ̀ ńlá fúnra rẹ̀, láti orí òkè ilẹ̀ Èkìtì yìí ló ti ṣẹ̀. Yóò sọ̀ kalẹ̀ gba ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n, yóò wọ ilẹ̀ Ẹdó, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Ovia, yóò sì lọ dà sínú odò ńlá Bìní tó ń wọ òkun. Ògbẹ̀sẹ̀ ńkọ́? Èkìtì lòun náà ti ṣẹ̀, inú Ọ̀sẹ̀ ló sì ń dà sí. Ìyá tó bá fọ aṣọ létí Ògbẹ̀sẹ̀ láàárọ̀ yìí, omi ọṣẹ rẹ̀ ti mú ọ̀nà òkun pọ̀n. Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Lórí ọ̀rọ̀ tòní, àwa tí a wà lórísun la gbàgbé odò.

Níbi tí omi tiwa ti pàdé omi iyọ̀, igbó kan wà níbẹ̀ tí kò jọ igbó tí a mọ̀. Ẹ̀gbà ni Yorùbá ń pe igi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn Ìjọ tí wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀ ń pè é ní angala. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi òkun ń kún wọ inú igbó náà, lẹ́ẹ̀mejì ló sì ń fà padà. Ìrókò tiwa, arère tiwa, bí ẹ bá fi wọ́n sínú iyọ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọn ó fi kú. Ẹ̀gbà kì í kú. Gbòǹgbò rẹ̀ a yọ láti ara igi lókè, á tẹ̀, á wá fi orí wọ ẹrẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tí igi náà á fi dúró lókè omi lórí ẹsẹ̀ púpọ̀. Irú igi mìíràn tún wà níbẹ̀ tí gbòǹgbò tirẹ̀ ń yọrí sókè láti inú ẹrẹ̀ láti wá mí, torí pé afẹ́fẹ́ kò sí nísàlẹ̀.

Bí ẹ̀gbà ṣe ń bímọ ló jọ mí lójú jù. Èso igi oko wa ní láti já bọ́ kó tó hù. Ti ẹ̀gbà kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ìyá rẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń hù. Ọmọ igi náà á gùn jáde láti inú èso, á máa fì lábẹ́ ẹ̀ka, á gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣóńṣó rẹ̀ á dojú kọ ilẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá já, bí omi bá ti fà, á gún ẹrẹ̀ wọlé, ó di igi nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìgbà tí omi kún ló já, á léfòó, á máa bá omi lọ títí yóò fi rí ẹrẹ̀ tí yóò gbà á. Olódùmarè mọ iṣẹ́ ẹ̀ ṣe.

Abẹ́ gbòǹgbò wọ̀nyẹn ni ọmọ ẹja ń sá sí. Ẹja ńlá kò lè wọ ibẹ̀ lé wọn. Ibẹ̀ ni edé ti ń dàgbà, ibẹ̀ ni akàn ń gbẹ́ ihò sí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹja tí àwọn apẹja yóò wá kó lójú òkun ti kọ́kọ́ gba oúnjẹ sẹ́nu. Ẹ wá ro ọ̀nà tí edé ń gbà dé ìkòkò yín. Láti Ìlàjẹ, àwọn obìnrin á kó edé àti ẹja gbígbẹ wá sí ọjà Ìgbọ́kọ̀dá, àwọn alájàpá á kó o lọ sí Àkúrẹ́, á sì gba ibẹ̀ dé Ìkẹ́rẹ́, dé Adó, dé ọjà wa níbí. Igi ẹ̀gbà kan náà ni wọ́n sábà fi ń yan ẹja ọ̀hún, torí iná rẹ̀ le, ó sì ń pẹ́. Iyán Èkìtì lókìkí káàkiri, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ẹ̀fọ́ tí a fi ń jẹ ẹ́, bí kò bá sí edé nínú rẹ̀, ta ni yóò bu òkèlè kejì?

Nígbà náà, ibo ni ọ̀nì wà nínú gbogbo eléyìí?

Oríṣi ọ̀nì mẹ́ta ló wà ní ilẹ̀ wa. Èkíní ni ọ̀nì ńlá tí gbogbo ayé mọ̀, tó ń gbé odò, ọ̀sà àti inú igbó ẹ̀gbà. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń pè é ní ọ̀nì odò Náílì. Ní 2011 ni àwọn kan yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wọn wò fínnífínní, wọ́n sì rí i pé ọ̀nì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ti ìlà-oòrùn. Tiwa kéré díẹ̀, kò sì burú tó ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ máa ń fi oògùn tọ́jú òkú ọ̀nì, wọ́n á fi aṣọ wé e bí wọ́n ti ń wé òkú ọba. Nígbà tí wọ́n yẹ ara òkú ọ̀nì wọ̀nyẹn wò, irú tiwa yìí gan-an ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó jọ pé àwọn àwòrò wọn mọ èyí tí èèyàn lè sún mọ́. Ní Íjíbítì lónìí, irú ọ̀nì bẹ́ẹ̀ ti tán nínú odò wọn.

Èkejì ni ọ̀nì ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín, ẹja ló ń fi í mú. Odò tí igbó ṣíji bò ló fẹ́ràn, ìyẹn irú odò tí Ọ̀sẹ̀ àti Ògbẹ̀sẹ̀ jẹ́ kí pákó àti oko tó jẹ igbó etí wọn tán. Ní 2014, àjọ àgbáyé tó ń ka ẹranko tó fẹ́ parun kọ orúkọ rẹ̀ sí ìpele tó sún mọ́ àparun jù lọ. Ó ti ṣọ̀wọ́n débi pé nínú ọgbà ẹranko Abidjan, ní Côte d'Ivoire, ni wọ́n ti ń mú un bímọ kí ìran rẹ̀ má bàa tán ní apá ibi tiwa yìí.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nì ràrá, tí kì í sábà gùn ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Inú àbàtà àti odò kéékèèké inú igbó ló ń gbé, òru ló ń jáde, ojú sì máa ń tì í. Òun gan-an ni wọ́n ń pa jẹ jù. Ẹ ya ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó. Mo ti yà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbín àti ọ̀yà yíyan ni wọ́n tẹ́ ọ̀nì ràrá sí, láàyè, wọ́n fi okùn ọ̀rá di ẹnu rẹ̀, wọ́n dá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì padà sẹ́yìn dè é mọ́ ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ là, ó ń mí. Arábìnrin tó ń tà á ń fi omi wọ́n ọn lára kó má bàa kú kí oníbàárà tó dé, ó sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe é, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti ń rí i. Ó ní tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìnkùlé Ẹ́pẹ níbẹ̀ ni. Ní báyìí, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbé e wá.

Ohun tó sọ yẹn wúwo ju ìwé ìwádìí mélòó kan lọ. Ọlọ́jà kì í parọ́ nípa ibi tí ọjà ti ń wọ́n òun.

Ìdí tó fi ṣòro kí ọ̀nì padà bí wọ́n bá ti pa á tán ni pé kì í yára dàgbà, kì í sì í bí bí ẹja ti ń bí. Ọ̀nì ńlá lè yé ẹyin bí ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á bò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ etídò, á sì ṣọ́ ọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ọ̀nì ràrá kì í sábà yé ju bíi mẹ́wàá lọ, ewé jíjẹrà ló ń kó jọ lé e lórí. Awọ́nríwọ́n á wá jí ẹyin náà hú, omi á bo òmíràn, àṣá àti ẹja ńlá á gbé ọ̀pọ̀ nínú ọmọ tó bá pa. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dàgbà. Bí ẹ bá wá pa ìyá kan tó ti ń yé fún ogún ọdún, ìran odidi odò kan lẹ pa yẹn.

Kò tán síbẹ̀. Ọ̀nì kì í bá akọ tàbí abo nínú ẹyin bí tiwa. Ooru ilé ẹyin ló ń pín in. Bó bá gbóná dé ìwọ̀n kan, akọ ni yóò pọ̀. Bó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, abo ni. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ rárá. Ẹ gé igi tó ṣíji bo etídò tán, ẹ ti yí iye akọ àti abo padà láì fọwọ́ kan ẹyin kankan. Ìyá wọn kì í sì í ṣe ìyá lásán. Bí ọmọ bá tó pa, inú ẹyin níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ké. Ìyá á gbọ́, á wú iyẹ̀pẹ̀ kúrò, á fi ẹnu tó ń fọ́ egungun màlúù yẹn gbé wọn lọ sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, ehín rẹ̀ kò sì ní ha wọ́n.

Àwọn kan á ní, ó dára, kí ọ̀nì tán; ẹranko tó ń gbé ọmọ ènìyàn jẹ, kí la fẹ́ fi ṣe? N kò ní tan yín jẹ, ọ̀nì ńlá léwu. Ní Yamoussoukro, níbi tí wọ́n ti ń sin ọ̀nì nínú adágún ààfin Ààrẹ Houphouët-Boigny, ọ̀nì pa ẹni tó ti ń bọ́ wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ní 2012, lójú àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀nì wà, òun ni ọlọ́pàá odò. Ó ń jẹ òkú ẹran, ó ń jẹ ẹja ńlá tó ń jẹ èyí tó kù, ihò tó gbẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹja àti àkèré ń sá wọ̀ nígbà tí omi bá gbẹ. Ìgbẹ́ rẹ̀ gan-an oúnjẹ ni fún omi. Odò tí ọ̀nì ti tán nínú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ odò tí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó lé ọ̀nì lọ ló ń lé ẹja náà lọ.

Kí ló wá ń lé wọn lọ? Ní etí òkun Oǹdó, epo rọ̀bì àti omi iyọ̀ ni ìdáhùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo gbẹ́ ojú ọ̀nà omi tààrà láti òkun wọ inú àbàtà kí ọkọ̀ wọn lè rìn, omi òkun sì tẹ̀lé wọn wọlé. Ní Àwóyè àti àyíká rẹ̀, igbó tí kò mọ iyọ̀ rí gbẹ lórí ìdúró, omi tí àwọn èèyàn ń bù mu di iyọ̀, ilé sì ń wọ òkun lọ. Ayétòrò, ìlú àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n ń pè ní ìlú aláyọ̀ nígbà kan, òkun ti gbé àdúgbò lẹ́yìn àdúgbò nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, epo tó ya ní Idoho, lójú òkun Akwa Ibom lọ́hùn-ún, tó nǹkan bí 40,000 àgbá; omi gbé e gba etí òkun wá títí dé Èkó. Ní Bodo, ní ilẹ̀ Ògóni, epo tó ya ní 2008 pa igbó ẹ̀gbà lọ rẹẹrẹ. Ó di 2015 kí àwọn ará Bodo tó gba owó gbà-má-bínú mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn, igi náà sì ni wọ́n ń tún gbìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òǹkà owó yẹn dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi apẹja Bodo bóyá owó ń sàba ẹyin.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ọ̀pẹ nípà kún un kíákíá. Àwọn òyìnbó ló gbé e wá láti Singapore sí Kàlàbá ní 1906. Láti ìgbà náà ló ti ń rìn bọ̀ lápá ibí, ó ń gba ẹrẹ̀ mọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì fún ọmọ ẹja ní ibi ìsápamọ́sí bíi ti ẹ̀gbà. Ní Èkó, yanrìn ló ń pa ẹ̀gbà. Wọ́n á da á sí àbàtà, wọ́n á pín in ní pulọ́ọ̀tì, wọ́n á kọ́ ilé sí i, òjò kan á rọ̀, gbogbo àdúgbò á máa gbé omi síta. Ibi tí NCF, àjọ tó ń ṣètọ́jú ohun abẹ̀mí igbó ní Nàìjíríà, dáàbò bò ní Lekki láti 1990, hẹ́kítà 78 péré, wà láàárín ilé ńláńlá báyìí. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ń kó ọmọ lọ sí Èkó fún ìsinmi, ẹ mú wọn dé ibẹ̀. Afárá pákó wà tí wọ́n ṣe gba orí àbàtà. Bí wọ́n bá fara balẹ̀ tí wọn kò pariwo, wọ́n lè rí imú ọ̀nì lójú omi.

Àwọn baba wa kì í ṣe òpè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ odò ló ní èèwọ̀. Ibi kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í pẹja, ọjọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í dé odò, ẹranko kan wà tí ìdílé kan kì í jẹ. Gbogbo yín lẹ mọ ọ̀nì agbo ilé Délésolú ní Ọjẹ́, n'Íbàdàn, èyí tí wọ́n ní wọ́n ti ń sìn láti 1940. Àwọn èèyàn ń gbé adìẹ lọ fún un, wọ́n ń tọrọ ọmọ, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi bọ̀wọ̀ fún agbo ilé náà, ṣùgbọ́n ọ̀nì kan ṣoṣo nínú ọgbà símẹ́ǹtì kò lè bímọ fún odò. Ìbọ̀wọ̀ fún ọ̀nì yàtọ̀ sí ààbò fún ìran ọ̀nì, a sì ti fi ọ̀kan rọ́pò èkejì fún ìgbà pípẹ́.

Ní Paga, lókè ilẹ̀ Gánà, lẹ́bàá ààlà Burkina Faso, wọ́n ṣe méjèèjì pọ̀. Ọ̀nì tí ń gbé adágún ibẹ̀ ń jáde wá sórí ilẹ̀, àlejò á dì í nírù mú, ọmọdé á máa wẹ̀ nínú adágún kan náà. Ìtàn wọn ni pé ọ̀nì ló gba baba ńlá wọn là, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í pa á. Adágún ni wọ́n dáàbò bò, kì í ṣe ẹyọ ẹranko kan. Ọ̀nì ibẹ̀ ń yé, ẹyin wọn sì ń pa. Owó àlejò sì ń wọlé.

Èyí tó wù mí jù wà ní orílẹ̀-èdè Benin, nítòsí Grand-Popo, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy. Igi ẹ̀gbà ibẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń dáná se iyọ̀, wọ́n gé e títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òfin ìjọba kò mú wọn dúró. Àwọn àgbà ìlú àti àjọ Eco-Benin wá gbé ọ̀rọ̀ náà fún Zangbeto, eégún alẹ́ àwọn Ègùn, tí ń ṣọ́ ìlú lóru. Zangbeto jáde, wọ́n fi àmì sí apá igbó kan, wọ́n ní ẹni tó bá fi àdá kàn án yóò jẹ́jọ́ níwájú rẹ̀. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ní 2017, UNESCO fọwọ́ sí gbogbo àgbègbè odò Mono, ní Benin àti Togo pa pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ibi ààbò. Ẹ kíyè sí bó ṣe tẹ̀léra o: eégún ló kọ́kọ́ dé, UNESCO tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì fi àwọn obìnrin sílẹ̀ lásán. Wọ́n kọ́ wọn láti máa fi oòrùn gbẹ iyọ̀ dípò iná igi. Bí ẹ bá gba àdá lọ́wọ́ ẹni tébi ń pa tí ẹ kò fún un ní nǹkan kan, òru ni yóò fi gé igi náà.

Àwa náà ní òfin. Láti 1985 ni Nàìjíríà ti ṣe òfin lórí ẹranko tó fẹ́ parun, a sì ti wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko tó fẹ́ parun, ṣáájú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjà Olúwo ń ná lójú títì márosẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́pàá sì ń kọjá níwájú rẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó kù, ti ilé wa níbí ni. Oògùn tí wọ́n ń dà sódò láti fi pa ẹja, Gamalin, tí wọ́n ní fún kòkòrò kòkó ni wọ́n rà á. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Lálẹ́ ni wọ́n ń da á. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹja á yọ inú funfun sókè, wọ́n á ṣà á, wọ́n á kó o wá sọ́jà, ẹ̀yin ìyá wa á rà á torí pé owó rẹ̀ wálẹ̀. Oògùn yẹn kì í sáré tán nínú omi àti ẹrẹ̀. Ẹja kékeré á gbé e mì, ẹja ńlá á gbé ẹja kékeré mì, ọ̀nì á gbé gbogbo wọn mì, àwa náà ńkọ́? Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Bó bá ṣe Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n da á sí nítòsí Ìmẹ̀sí, àwọn tó ń pẹja nísàlẹ̀ kò mọ ẹni tí wọn ó bú.

Ìkejì ni igi etídò. Oko ti sún títí dé bèbè. Òjò àkọ́rọ̀ kan ṣoṣo, ilẹ̀ pupa á ṣàn wọ omi, odò á di ẹrẹ̀. Igbó Ẹ̀ṣọ́ Ìjọba tó wà ní Ìsẹ̀, ìwọ̀n 142 kìlómítà níbùú lóòró, níbi tí ìnàkí ṣì kù sí lónìí, wúlò ju ti ìnàkí lọ. Irú igbó bẹ́ẹ̀ ló ń fa òjò mu, tó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí odò má bàa gbẹ kí omi òkun sì máa gun òkè. Igbó ẹ̀gbà kò lè gbé nínú omi iyọ̀ nìkan. Ó nílò omi tútù tiwa àti ilẹ̀ díẹ̀ tí omi náà ń gbé bọ̀. Ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ tó pọ̀ jù á bo ibi tí ọ̀nì ń yé sí. Omi tó kéré jù á jẹ́ kí iyọ̀ borí.

N kò ní kí ẹ jáwọ́ nínú oko. Ohun tí mo ń tọrọ kò ju kí àgbẹ̀ fi ìwọ̀n ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ létídò láì ro ó, kí ọparun àti igi ibẹ̀ dúró. Kábíyèsí àwọn ìlú tó wà létí Ọ̀sẹ̀ àti Ògbẹ̀sẹ̀, kí ẹ̀yin àti ìgbìmọ̀ yín jọ̀ọ́ dá èèwọ̀ oògùn padà sórí odò. Èèwọ̀ ni mo pè é, n kò pè é ní ìkéde. Ìkéde máa ń gbó lára ògiri, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀yin mọ bí a ti ń ṣe èèwọ̀ kó mú. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin lèmọ́mù, bí ọ̀rọ̀ èèwọ̀ kò bá bá yín lára mu, ẹ ní ọ̀nà tiyín láti sọ pé ẹni tó da májèlé sínú omi mímu ọmọlàkejì rẹ̀ ṣẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ni ọjọ́ igbó ẹ̀gbà lágbàáyé. Ilé-ìwé máa ń wà ní ìparí sáà nígbà náà, ẹ lè kó àwọn ọmọ dé etídò tó súnmọ́ yín kí ẹ fi ọ̀nà tí omi ń gbà hàn wọ́n lórí àwòrán ilẹ̀.

Kí n tó bọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ̀yin bàbá ọdẹ, ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ àwọn odò wọ̀nyí kí a tó bí wa: ibi tí ẹ ti rí ọ̀nì rí lápá ibí, yálà ní Ọ̀sẹ̀, yálà ní Ògbẹ̀sẹ̀, yálà nínú odò inú igbó Ìsẹ̀, ẹ pè wá sórí nọ́ńbà tí ẹ mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ sọ orúkọ odò fún wa, ẹ sọ irú ẹnu tó ní, bóyá ó gùn ni tàbí ó kúrú, ẹ sọ ọdún tí ẹ rí i kẹ́yìn. A ó kó o jọ, a ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ka ẹranko igbó ní yunifásítì. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lẹ rí i, tó ṣì wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, àwa nìkan ni kí ẹ sọ fún. Ẹ má sọ fún aládùúgbò tó ní ìbọn.